Orúkọ Tí Wọ́n Béèrè ní Ẹnubodè

Lọ́jọ́ tí ìbọn dún ní Atakpamé, oko iṣu la wà láàárọ̀, èmi, ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ pọnmi wá nílé. Nígbà tí a gbọ́ ìró, a rò pé ọdẹ ni. Kò pẹ́ tí aládùúgbò wa kan fi sáré dé, ó ní ká má padà sílé mọ́, wọ́n ti yìnbọn pa ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé tó rí nínú yàrá wa ló kó lé mi lọ́wọ́. A kò rí òkú sin.

Àwa méjì forí lé ààlà Benin. A wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Mono, a gba inú igbó lẹ́yìn Elavagnon. Gbágùúdá tútù là ń jẹ, mo sì ń bì í.

Káàdì ìdánimọ̀ mi wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa. Ti àbúrò ọkọ mi kò sí níbẹ̀, àfi ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ tí kò ní fọ́tò. Ní ẹnubodè, ẹ̀ṣọ́ wo káàdì mi, ó ní kí n kọjá. Ó ní ìwé tí kò ní fọ́tò, ẹnikẹ́ni lè jí i, nítorí náà kí n sọ ohun tí obìnrin yìí jẹ́ sí mi. Kò gbọ́ Ifẹ̀, èdè wa. Awakọ̀ kan tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa ló ń túmọ̀ fún un ní Faransé.

Mo ní, "Ọkọ mi ni."

Awakọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀ṣọ́ wo àbúrò ọkọ mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ó bi òun náà pé ta ni mí, ìyẹn ní ìyàwó òun ni. Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹ̀ṣọ́ wá bi mí ní orúkọ rẹ̀, mo ní Eyínfúnjowó. Kò sí Eyínfúnjowó nínú ìwé. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń pe ìyá ọkọ yín lórúkọ àbísọ, ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó ní irọ́ là ń pa. Ó ní kí èmi máa lọ, kí èkejì mi padà síbi tó ti wá. Ìbọn ń dún lẹ́yìn wa. Mo jókòó sílẹ̀, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Bí mo bá sọdá, mo pa á. Bí a bá jọ padà, a kú. Inú bí mi sí ẹ̀ṣọ́, sí awakọ̀, àti sí ẹnu ara mi.

Àbúrò ọkọ mi kúnlẹ̀ tì mí.

"Ìyàwó mi, pe orúkọ mi. Àwọn tó bí mi ti kú. Ta lo ń bẹ̀rù pé yóò bínú?"

Mo dìde. Ẹnu mi wúwo bí ẹni gbé ọlọ sí i. Mo pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, mo pe ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ṣọ́ wo ìwé, ó yẹra lọ́nà. Nígbà tí a sọdá tán ni àbúrò ọkọ mi tó sunkún. Ọkọ mi tí wọ́n pa ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń pè é lórúkọ yẹn.

Ìgbà tí a padà sílé, koríko ti bo àgbàlá. Ìbọn ti dákẹ́, ilé náà sì dákẹ́. Àwa méjì la wà níbẹ̀ dòní. Lójú èèyàn, Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Ṣùgbọ́n tí ilé bá pa rọ́rọ́ lọ́sàn-án, á ní, "Ìyàwó mi, pè mí."

Mo máa ń pè é.