Khalfan àti Ọkọ̀ Pẹlẹbẹ Rẹ̀ Nínú Òjò Aṣálẹ̀

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta fi ra ọkọ̀ tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ kó tó lè wọ̀ ọ́. Èmi Rayya tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi í títí ó fi sú mi. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Khalfan fi wa táńkà omi káàkiri àwọn abúlé tó wà láàárín Yanqul àti Ibri. Òkè téńté ló máa ń jókòó sí nínú táńkà yẹn, tí yóò máa wo gbogbo ayé nílẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò ra ewúrẹ́ ni, tàbí kó máa tọ́jú igi dàbínù ẹ̀yìnkùlé wa. Ó lọ sí Muscat, olú ìlú wa, ó sì wa ọkọ̀ eré pupa kan bọ̀ wálé, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì, pẹlẹbẹ, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀.

Bí a bá dé ibi tí à ń lọ, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jáde, màá wá fà á lápá méjèèjì, òun àti jálàbíà funfun rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á ní, "Bàbá Thuraya, ṣé ẹ wọ ọkọ̀ ni àbí ẹ wọ bàtà?" Á rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kì í bínú, ohun tó sì máa ń bí mi nínú jù nípa rẹ̀ nìyẹn.

Thuraya ni ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé nílé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lóyún, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni oyún náà bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí ìkẹrin yìí pé oṣù mẹ́sàn-án, ó ní, "Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kó ku èmi nìkan nínú yàrá yẹn." Mo ní bí Ọlọ́hun bá dá ẹ̀mí mi sí, màá wà níbẹ̀. Awakùsà epo ni ọkọ rẹ̀, ó máa ń pẹ́ lójú òkun, kò sí ẹlòmíì tó lè bá a dúró.

Ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, Thuraya pè láti ilé ìwòsàn ní Ibri pé ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní a ti wà lójú ọ̀nà. Irọ́ ni, ìrẹsì ni mò ń ṣà. Ọkọ̀ gíga tí a ní, àbúrò Khalfan ti yá a lọ fi kó koríko ewúrẹ́. Ọkọ̀ pupa ló kù.

A rìn fún bí ogún ìṣẹ́jú kí n tó rí i pé orí òkè ti ṣú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá Thuraya, ẹ wo òkè."

"Mo ti rí i. Òjò ni. Àánú Ọlọ́hun ni."

"Ṣé àánú Ọlọ́hun ò lè ní sùúrù ká dé Ibri ná?"

"Má sọ̀rọ̀ òdì sí òjò, Ìyá Thuraya. Ọdún mẹ́ta la ti ń tọrọ rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́ta gbáko la ti ń lọ sí yídì, tí àwọn ọkùnrin wa ń yí aṣọ wọn sódì tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́hun pé kó yí ọ̀dá padà.

Iyanrìn ló kọ́kọ́ dé, ó fẹ́ kọjá lójú ọ̀nà. Òórùn ilẹ̀ tútù tẹ̀ lé e, inú mi dùn sí i kí n tó mọ̀, nítorí ta ni òórùn yẹn kì í dùn mọ́ láyé wa níbí? Lẹ́yìn náà ni òjò já lulẹ̀. Kò kán, ńṣe ló dà. Yìnyín ń lu òrùlé ọkọ̀ gbà-gbà-gbà, òrùlé tí kò fi ìka mẹ́ta jìnnà sí orí mi. Ohun tó ń nu gíláàsì ń lọ, ó ń bọ̀, kò rí nǹkan kan nù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán wa. Ibi tí mo jókòó sí, ojú mi àti àárín táyà rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ó kọjá, ó sì da odò ẹrẹ̀ kan lé wa lórí, ni a ò bá rí ọ̀nà mọ́ rárá.

Inú ẹrẹ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ tí ariwo táyà dákẹ́. Mo ti bá Khalfan wọkọ̀ fún ogójì ọdún, mo mọ̀ pé bí táyà bá dákẹ́ lórí ọ̀dà, kò sí lórí ọ̀dà mọ́, omi ló ń gbé wa lọ. Mo figbe ta. Khalfan ò tẹ bíréèkì. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú jẹ́jẹ́ bí ẹni di ọwọ́ ọmọdé mú. Ọkọ̀ náà yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó yọ̀, ó yọ̀, títí táyà fi tún mú ilẹ̀.

"Ó ti tán," ló wí.

Ẹnu mi mú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́: awakọ̀ ni ọkùnrin yẹn. Omi ti ń wọlé látìdí ilẹ̀kùn, bàtà mi ń léfòó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí a dé ojú wádì, òjò ti fúyẹ́. Ojú odò gbígbẹ ni, tó jẹ́ pé ọ̀nà ọlọ́dà ló la àárín rẹ̀ kọjá. Ìjọba ti ri òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, òkè rẹ̀ pupa. Omi tó bá kan pupa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá. Omi ọjọ́ yẹn ò tíì dé àárín funfun.

"Omi ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lásán," ni Khalfan wí. "Mo ti gba inú èyí tó jù báyìí lọ kọjá níbí."

Ojú awakọ̀ táńkà ló fi ń wo omi. Ibi tí a jókòó sí nísinsìnyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú táńkà. Èmi tó yẹ kí n rán an létí, èmi ni mo ní, "Ẹ yáa máa lọ."

Bàbá Musallam sì jáde láti abẹ́ àpáta, òun àti àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún ni, a mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ìgbà ọ̀dá ni Khalfan máa ń bu omi táńkà fún ẹran rẹ̀. Ó rọra rìn wá, ó gbé ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀ wa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Sàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ará Yanqul ńkọ́? Kí ni ìròyìn?"

"Kò sí ìròyìn, Bàbá. Ire ni gbogbo rẹ̀."

Bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ilé rẹ ì báà máa jó, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé kò sí ìròyìn. Ẹni tó bi ọ́ yóò tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí o tó sọ tinú rẹ, ìwọ náà yóò wá bi í ní tirẹ̀. Mo já Khalfan lẹ́kanná nítan.

"Ọmọ yín ń rọbí lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ń to ìròyìn."

Bí arúgbó náà ṣe béèrè lẹ́ẹ̀kejì, Khalfan ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí, Thuraya ń rọbí ní Ibri, ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ." Ó sì ki ọkọ̀ sí jíà.

Arúgbó náà ò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Khalfan ọmọ Saif. O ò bi mí ní ìròyìn tèmi."

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Khalfan, mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá jẹ́ kí àgbà kí òun, tí kò bi àgbà ní ìròyìn, ó ti sọ àgbà di ẹran. Mo rí i tí ìtìjú bo ojú ọkọ mi. Ó pa iná ọkọ̀. Nítorí pé ènìyàn kì í wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ máa bi àgbà tó dúró ní ìròyìn, ó di dandan kó jáde, kó sì tó lè jáde, èmi ni màá fà á. Mo bọ́ sínú ẹrẹ̀, mò ń fà á lápá, omijé ìbínú ń dà lójú mi. Ohun tí mo wí sí arúgbó yẹn nínú mi, kí Ọlọ́hun má kà á sí mi lọ́rùn.

"Bàbá Musallam, kí ni ìròyìn?"

"Kò sí ìròyìn. Ire ni gbogbo rẹ̀."

Díẹ̀ ló kù kí n sọ bàtà lù ú.

"Kí lẹ gbọ́, Bàbá?"

Ó ha ọ̀fun. Ó ní ewúrẹ́ òun aláwọ̀ eérú bí ìbejì. Ó ní orúnkún òsì ń dun òun. Ó ní, "Ọmọ mi sì pè mí láti abúlé òkè. Òjò ti ń rọ̀ lọ́hùn-ún láti àárọ̀. Odò ti kún, ó ti ń bọ̀ wálẹ̀."

Àwọn ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ gbórí sókè. Lẹ́yìn náà ni àwa náà gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá bá ń sọ̀ láti orí òkè. Omi náà yọ ní kọ̀rọ̀, pupa rúsúrúsú, ó gbé odindi igi dàbínù kan àti ilẹ̀kùn ẹnì kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ aró. Ó gbé funfun òpó mì, ó gbé pupa mì, a ò rí òpó mọ́. Ibi tí à bá wà gẹ́lẹ́ ni ilẹ̀kùn náà gbà kọjá.

Mo jókòó pẹ̀ẹ́ sínú ẹrẹ̀. Khalfan fi ẹnu ko arúgbó náà níwájú orí.

"Bàbá," ni mo wí, "kí ló dé tí ẹ ò pariwo pé omi ń bọ̀?"

"Ká ní mo pariwo ni, ẹ̀ bá sá wọ inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kánjú ló rò pé òun á yá ju omi lọ." Ó wò mí. "Ìròyìn mi ò sì tíì parí. Wọ́n ti ṣí afárá tuntun tó wà lẹ́yìn kànga ìjọba. Ó ga, omi ò lè dé ibẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ yà sápá ọ̀tún." Ó bu dàbínù fún mi lọ́wọ́. Mo wé e sí etí aṣọ mi.

Ọ̀nà òkúta ni ọ̀nà afárá yẹn. Ikùn ọkọ̀ ń ha ilẹ̀ jálẹ̀, páìpù èéfín já dànù, ariwo wa ń lé àwọn ràkúnmí sá. Mi ò ráhùn. Gbogbo ìgbà tí òkúta bá ti ha wá lábẹ́ ni mò ń wí pé a dúpẹ́, nítorí òkúta gbígbẹ ni.

Ìrun Mọ̀gàríbà ni wọ́n ń pè nígbà tí a dé Ibri. Nọ́ọ̀sì pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ó ti bí, obìnrin ni, tìyátọmọ ló wà láàyè. Mo wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Ọmọ wà láyà Thuraya, ó pupa, ó ń sùn. Thuraya wò mí.

"Ẹ ṣèlérí fún mi," ló wí. "Mo pè yín títí ohùn mi fi há. Ọwọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mo dì mú. Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá. Ọjọ́ tí mo nílò yín jù, ẹ ò wá."

Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ balẹ̀ kí n tó dá a padà. Khalfan la ẹnu lẹ́nu ọ̀nà láti ṣàlàyé, mo ṣẹ́jú sí i, ó pa á dé. Ṣé odò ni màá máa ròyìn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Ká ní a ti sáré wọ inú omi yẹn bí mo ṣe fẹ́, ta ni ì bá rí bá wí lónìí? Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Máa bú mi, ọmọ mi," ni mo wí. "Mo wà níbí, mò ń gbọ́."

Ó bú mi títí ọmọ fi jí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.