Ẹyẹ Inú Àwo Tánganran

Gbin-ìn-ìn. Ohùn yẹn ni Mùjíbátù kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Ìyá rẹ̀ á gbé àwo tánganran kan lé orí ìka, á fi èékánná ta á létí, àwo á sì dún bí ẹni tó ń dáhùn láti ọ̀nà jíjìn.

"O gbọ́? Ẹyẹ inú rẹ̀ ló ń ké. Lọ́jọ́ tó bá sán, kò ní í ké mọ́."

Obìnrin òyìnbó ará Faransé kan tí ìyá rẹ̀ ń fọṣọ fún n'Íbàdàn ló fún un ní àwo náà nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Àwo àtijọ́ ni, ìyá ìyá obìnrin náà ló ni ín. Wúrà tín-ín-rín yí i létí ká, ẹyẹ kékeré kan sì bà sórí ẹ̀ka láàárín rẹ̀, orí rẹ̀ pupa, apá rẹ̀ yẹ́lò. Kò sẹ́ni tó mọ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní Akínyẹlé, abúlé wọn. Ológoṣẹ́ tó múra ọdún ló jọ. Ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú rẹ̀ rí. Nígbà tí ìyá kú, Mùjíbátù jogún àwo, òun náà sì darúgbó tì í. Bí àárò ìyá rẹ̀ bá ti ń sọ ọ́, á ta á létí, á dijú.

Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, Zubaidah, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, wá àwo tì. Ó bu ẹran sínú àwo ẹlẹ́yẹ, ó fi ránṣẹ́ sílé Sàníù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹran ọdún kì í sì í jókòó. Ilé Sàníù da ẹran sí ìkòkò, wọ́n bu tiwọn sínú àwo kan náà, wọ́n gbé e fún aládùúgbò, àwo bá ń lọ láti ilé dé ilé.

"Màámi, ẹ má bínú. Mo ṣe bí àwo lásán ni."

"Àwo náà ni. Ta ló sọ pé ìkòkò ni?"

"Kí n lọ béèrè rẹ̀?"

"Ta ló ń lépa sàráà? Wọ́n á ní a fẹ́ gbẹran wa padà."

Mùjíbátù bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti tòògbé, á rí ẹyẹ náà tó ń fò wọ yàrá tí òun kò wọ̀ rí, tó ń bà sórí ààrò ẹlòmíràn. Pé kò ní í padà kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kó padà láìlóhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó Najeem láti ìsàlẹ̀ abúlé gbé àwo náà wọlé, ẹran díndín kún inú rẹ̀.

"Ẹran tiwa rèé, ìyá. Ẹ ṣáà máa dá àwo mi padà o, ó ti wù mí jù."

Zubaidah bú sẹ́rìn-ín. "Àwo yín kẹ̀? Ilé ló dé yẹn!"

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Mùjíbátù rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, ó da ẹran sí ìkòkò, ó nu àwo, ó ta á létí. Kọ́. Ó tún un ta. Kọ́. Ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun ti gba abẹ́ ẹ̀ka náà kọjá.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ sínú àwo náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Orí pupa ló kọ́kọ́ yọ lábẹ́ ọbẹ̀, apá kan tẹ̀ lé e, bí ẹni pé ilẹ̀ ń mọ́ bá ẹyẹ náà níbi tó wà. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ wà, kò rí i kó jí rí.

Ó pọnmi, ó fi kànìnkànìn fọ àwo náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi etí ìró nù ún gbẹ. Kò ta á létí mọ́. Ó kó o mọ́ àwọn àwo tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́.