Ẹ̀rọ Ẹnu-Dùn-Ròfọ́

Òórùn ọṣẹ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé ibi iṣẹ́ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Zone industrielle, agbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ní Yopougon, ní Abidjan, ọ́fíìsì tiwa sì wà lókè ilé ìkẹ́rùsí kan, yàrá kan ṣoṣo tó ní fáànù tí ariwo rẹ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Bí a bá ṣí fèrèsé, òórùn á wọlé. Bí a bá tì í, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Òórùn la mú. Títí di òní, bí mo bá ń fọṣọ, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ara mi á sì yá.

Mẹ́ta la jẹ́ níbẹ̀: ọ̀gá wa, èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá wa wá oníbàárà. Commercial là ń pè é. Ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan ni bíi tèmi. Kétu làwọn òbí rẹ̀ ti wá, àwọn tèmi wá láti Èjìgbò. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún, Faransé rẹ̀ náà kì í rún. Gbogbo nǹkan lẹ́nu rẹ̀ ló jẹ́ innovation, gbogbo nǹkan ló jẹ́ écosystème. Ìwọ náà tó o ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí á ti mọ irú wọn.

Èmi kì í gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ò pọ̀, mo kọ ètò kékeré kan láti fi bá a ṣeré. Wàá tẹ orúkọ ohunkóhun tó wù ọ́ sí i, á sì dá gbólóhùn ńlá kan padà fún ọ, bí ẹni pé nǹkan ọ̀hún ló máa gba ayé là. Mo tẹ ìgbálẹ̀. Ó dáhùn pé: "Solution de propreté intelligente, disruptive et inclusive, au cœur de l'écosystème." Ìyẹn ni pé ìgbálẹ̀ ti di ọgbọ́n ìmọ́tótó tó máa tún ayé tò. Mo sọ ọ́ ní Ẹnu-Dùn-Ròfọ́, nítorí àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Commercial nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, ó mi orí. "Ma sœur, c'est très bien," ó ní. "Envoie-moi ça." Ó ní ó dára, kí n fi í ránṣẹ́ sí òun.

Ṣùgbọ́n a ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ìyá mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta abọ́ rọ́bà àti bàsíà ní Attécoubé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa, ó sì máa ń ta àwọn tó bá ní àléébù díẹ̀ ní ẹ̀dínwó lẹ́nu gẹ́ètì, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa kó o jáde. Ìyá mi á jí ní ìdájí, á wọ ọkọ̀ gbaka, á dé ibẹ̀, ọlọ́dẹ á ní, "Y a rien aujourd'hui, la vieille." Á padà lọ́wọ́ òfo, á tún fi orúnkún tó ń dùn ún gun òkè Attécoubé. Ètò tí mo kọ kò ju báyìí lọ: bí ọjà bá jáde, á pe fóònù àwọn ìyá, á sì sọ ọ́ fún wọn lédè Yorùbá tàbí Dioula. Ohùn èmi fúnra mi ni mo fi sọ ti Yorùbá. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé n kò tíì kọ èyí tó dára jù ú lọ. Àmọ́ ọ̀gá ti là á mọ́lẹ̀ pé bí àwọn ìyá kò bá gbà á, a máa pa á tì, a ó sì wá nǹkan mìíràn ṣe.

Commercial ló sì ní láti bá wọn sọ ọ́. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ọmọ kì í dìde polówó nǹkan níbi tí ìyá rẹ̀ bá jókòó sí. Wọ́n á ní ìyá náà ló rán an. Nítorí náà, mo jókòó sẹ́yìn ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń ṣèpàdé, lábẹ́ àtíbàbà wọn, tí ọ̀sà ń dán nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń sọ nípa plateforme, nípa données, nípa digitalisation. Àwọn ìyá ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ò lọ sílé ìwé. Nígbà tó parí, Ìyá Ẹgbẹ́, olórí wọn, ní, "O ṣé, ọmọ wa. A ti gbọ́. A ó gbé e yẹ̀ wò." Bó o bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, wàá mọ̀ pé wọ́n ti kọ ohun tá a gbé wá nìyẹn.

Inú Commercial dùn bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lókè náà. "C'est bon," ó ní, "elles ont compris."

"Wọn ò gbọ́ nǹkan kan," ni mo dá a lóhùn. Inú bí mi, mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wọkọ̀ tèmi.

Mo ń ronú títí di ìpàdé wọn tó tẹ̀ lé e. Àṣà kò jẹ́ kí n polówó, ṣùgbọ́n àṣà kò ní kí n má ṣeré. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Ẹgbẹ́ láti fi eré dá wọn lára yá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ohunkóhun. Ẹnì kan ní orógùn, òmíràn ní bàtà. Ìyá mi ní, "Orúnkún mi." Mo tẹ̀ ẹ́ sínú Ẹnu-Dùn-Ròfọ́, mo kà á jáde pẹ̀lú ohùn Commercial gan-an, mo sì túmọ̀ rẹ̀: orúnkún ọlọ́gbọ́n, tó so pọ̀ mọ́ gbogbo àgbáyé, tó ń tún ọjọ́ iwájú ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ń tú. Mo wá mú gbólóhùn kan nínú ohun tí Commercial sọ ní ìjọ́sí, mo kà á tẹ̀ lé e, mo ní kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ti Commercial ni gbogbo wọn tọ́ka sí.

Commercial, tó bá mi wá, tẹjú mọ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò purọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ló fà á lọ́wọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ Kétu, laisse gros français, fi Faransé ńlá yẹn sílẹ̀. Kí ni nǹkan yín yìí máa ṣe fún wa?"

"Tantie, mon yoruba n'est pas bon."

"Bí Yorùbá rẹ kò tilẹ̀ dára, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "ẹ wà nílé. Abọ́ jáde, fóònù ké. Ó ní ẹ wá. Ẹ wá. Fóònù kò ké, ẹ má wá." Ó wá ọ̀rọ̀ tì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ sùn."

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde. Bí iná fóònù bá kú ńkọ́? Ta ló máa sọ fún ẹ̀rọ pé ọjà ti jáde? Ìyá mi bi í pé ohùn ta ni yóò máa sọ̀rọ̀, Commercial sì nawọ́ sí mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbà á.

Bá a ṣe ń lọ ni Commercial sọ fún mi pé ọwọ́ ìyá ìyá òun lòun ti kọ́ Yorùbá, pé ìyá náà kú nígbà tóun wà ní kékeré, ibẹ̀ sì ni Yorùbá òun dúró sí. Ojú ń tì í láti la ẹnu ọmọdé níwájú àgbà, ló ṣe fi Faransé bo ara rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹnu ọmọdé yẹn ló tà á. Kò ní ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú, nítorí náà kò rí ibi tó máa fi nǹkan pa mọ́ sí. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ètò ńlá wá bá mi, mo máa ń ní kó sọ ọ́ fún mi ní èdè tí kò lè sọ dáadáa.

Ẹnu-Dùn-Ròfọ́ ṣì wà lórí fóònù mi. Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí, níbi àpèjọ àwa oníkọ̀ǹpútà, pé kí ni iṣẹ́ mi ti yí padà láyé. N kì í wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ní ìdájí tí fóònù kò bá ké, ìyá mi ń sùn.