Àwo Kẹtàlélógójì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Ṣíbí fi se oúnjẹ nílé àwọn arúgbó. Ṣíbí onígi gígùn kan kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Kò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ bí ìdérí ìkòkò ṣe ń dún, ó ti mọ̀ bóyá omi inú ẹ̀ ń tán lọ.

Ilé náà kò tóbi. Tábìlì gígùn mẹ́ta ló wà níbi tí wọ́n ti ń jẹun, fèrèsé kékeré kan ló sì wà lára ògiri tó yà á sọ́tọ̀ sí ilé ìdáná. Ojú fèrèsé yẹn ni Ìyá Ṣíbí ti ń gbé àwo jáde. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni korobá àjẹkù wà. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, á kọ́kọ́ lọ yọjú sínú korobá yẹn kó tó jókòó. Ó ní àwọn arúgbó òun máa ń purọ́ pé oúnjẹ dùn, korobá ni kì í purọ́ fóun.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá tuntun dé. Ọmọdé ni lójú Ìyá Ṣíbí, ṣùgbọ́n ó níwà. Ó mú ìwé dókítà lọ́wọ́ wá. Dókítà ní iyọ̀ pọ̀, ọ̀rá pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì tó lára àwọn arúgbó. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ní owó oúnjẹ ti ga jù.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Oṣù kan la ní. Bí oúnjẹ ò bá bá ìwé yìí mu, tówó ẹ̀ ò sì wálẹ̀, wọ́n á ní ká ti ilé ìdáná. Kọ́ńpìnnì kan á wá máa gbé oúnjẹ wá nínú páálí."

"Nínú páálí?"

"Nínú páálí, Màmá. A ó kàn máa mú un gbóná ni."

Ìyá Ṣíbí lọ bá ìkòkò ẹ̀ tó tóbi jù, ó ń fi aṣọ nù ún. Ìkòkò náà ò sì dọ̀tí.

Ó ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìṣirò ní yunifásítì. Ó pè é lórí fóònù. Ọjọ́ Sátidé, ọmọ dé tòun ti kọ̀ǹpútà, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì.

"Màámi, irú ìṣirò kan wà. A ó sọ iye tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́, ohun tó ń ṣe lára, àti bí ilẹ̀ àti omi tó ń gbà ṣe pọ̀ tó, ká má baà jẹ ilẹ̀ àwọn ọmọ wa mọ́ tiwa. A ó sọ ohun tí dókítà ń fẹ́. Á wá bá wa ṣa èyí tó pé wa jù."

"Ta ló máa ṣà á?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Ṣé ó ti jẹun rí?"

"Màámi!"

"Mo kàn ń béèrè ni."

Ìyá ń pe orúkọ oúnjẹ, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nígbà tí wọ́n parí, omi orí iná ò tíì hó tí ìdáhùn fi dé. Ẹ̀wà, kábéèjì, ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́.

"Ojoojúmọ́?"

"Ohun tó jáde nìyẹn, Màámi. Kò sí èyí tó tún dínwó ju èyí lọ."

"Ewúrẹ́ gan-an máa ń yà sí oko ẹlòmíràn lọ jẹ nǹkan mìíràn."

Síbẹ̀, ó sè é. Ọmọ ẹ̀ ò mú nǹkan wálé rí kó sọ ọ́ nù. Àpótí tí ọmọ náà kàn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, òun ló ṣì ń jókòó lé gé àlùbọ́sà.

Bàbá Rélùwéè wà lára àwọn arúgbó náà. Ó wa ọkọ̀ ojú irin fún ogójì ọdún, ó sì ga débi pé àfi kó bẹ̀rẹ̀ kó tó lè rójú ẹni nínú fèrèsé. Lọ́jọ́ kìíní, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó wo àwo títí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ṣíbí, ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe fún yín?"

Korobá kún dé etí. Ìyá Ṣíbí ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀. "Máa bọ̀ wá wo ìdáhùn ẹ."

Ọmọ dé, ó tẹjú mọ́ inú korobá.

"Màámi, ohun tá a gbé fún wọn ni mo kà. Mi ò ka ohun tí wọ́n jẹ."

"Ohun tí mo ń yọjú wò láti ọjọ́ yìí nìyẹn." Ó bu búrẹ́dì fún un. "Jẹun ná. Ojú ẹ ti wọnú."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ló ń sọ̀rọ̀. Kí oúnjẹ kan má kọjá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kábéèjì tó bá bá ẹyin rìn kì í padà wá. Ẹja tí wọ́n bá yọ egungun ẹ̀ kì í padà wá.

"Ẹran màlúù ńkọ́, Màámi? Òun ló ń gba ilẹ̀ àti omi jù, òun náà ló wọ́n jù."

"Lọ ẹran díẹ̀ mọ́ ẹ̀wà. Eyín wọn ò ká a tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin ọjọ́ Sọ́ńdè, má fọwọ́ kàn án."

"Mo ti gbọ́."

Ìdáhùn tó jáde dáa. Ìyá Ṣíbí gan-an mi orí sí i. Ohun tó kù ni pé owó ẹ̀ fi díẹ̀ ju ohun tí ọ̀gá fẹ́ lọ. Ọmọ wò ó sókè wò ó sódò.

"Màámi, èèyàn mélòó ló wà níbí?"

"Méjìlélógójì."

"Ti èèyàn mẹ́tàlélógójì lẹ ń wọ̀n."

Ìyá Ṣíbí kọjú síkòkò, ó ń ro ọbẹ̀ tí kò nílò rírò.

"Màámi."

"Àwo àlejò ni."

"Àlejò wo?"

"Èyíkéyìí tó bá wá."

"Ìgbà wo ni èyí tó wá gbẹ̀yìn wá?"

"Kò tíì wá."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí orí kan fi yọ nínú fèrèsé.

"Ìyá Ṣíbí, ṣé àlejò wá lónìí?"

"Kò wá, Bàbá. Ẹ dákun, ẹ bá mi jẹ ẹ́, kó má ṣòfò."

Bàbá Rélùwéè mí kanlẹ̀. "Ó dáa, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀." Ó gbé àwo náà lọ.

Ọmọ wo ìyá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé e. Àwo kan kì í tó ọkùnrin tó ga tó yẹn, ojú sì ń tì í láti sọ.

"Ẹnu wọn ò dọ́gba," Ìyá Ṣíbí sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ìyá mẹ́ta tó wà nídìí tábìlì ìkẹyìn yẹn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í jẹ àwo méjì tán. Àmọ́ mò ń bù ú kún fún wọn, káwọn ọmọ wọn má lọ sọ pé mo ń rẹ́ ìyá wọn jẹ."

"Inú korobá ni tiwọn ń lọ, Màámi. Ṣé ẹ rí i? Àwo àlejò yín ti wà nínú korobá látijọ́."

Ìyá Ṣíbí dúró. Nínú gbogbo ọdún tó fi ń wo korobá, kò ro tìyẹn rí.

Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà ní bí ẹnu kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ tó. Ti àwọn ìyá mẹ́ta kéré, wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ kún un kó lè lágbára. Owó wálẹ̀. Ẹyin Sọ́ńdè ò kúrò, àwo àlejò náà ò kúrò.

Oṣù pé. Dókítà ti yẹ àwọn arúgbó wò. Ọ̀sán ni ọ̀gá wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, ó fa àga kan, ó ní òun fẹ́ jẹun. Ìyá Ṣíbí wo àwọn àwo tó wà nílẹ̀. Ẹyọ kan ló kù tí kò lólúwa ẹ̀. Ó gbé e fún un.

Ọ̀gá jẹ ẹ́ mọ́ féfé. Ó dìde, ó lọ yọjú sínú korobá. Egungun ẹja àti èèpo ẹyin ló wà níbẹ̀.

"Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ sí i lára wọn. Màmá, a ò ti ilé ìdáná mọ́."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Ó gba àwo òfìfo náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ọ̀gá lọ tán ni orí yọ nínú fèrèsé.

"Àlejò wá lónìí."

"Ó wá, Bàbá."

"Ó tún jẹ ẹ́ tán."

"Ó jẹ ẹ́ tán."

Ìyá Ṣíbí gbé oúnjẹ tiẹ̀ sójú fèrèsé. "Ẹ bá mi jẹ èyí. Mo ti tọ́ ọbẹ̀ wò títí, mo ti yó."

Bàbá Rélùwéè gbà á. Ó ti ń lọ kó tó tún padà wá bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ọ̀gá yẹn, ṣé á tún wá lọ́la?"

"Kò ní wá."

"Ọmọ dáadáa ni," Bàbá Rélùwéè wí, ó sì lọ jẹun.