Ìkọ́ Fèrèsé Màámi

Fèrèsé yàrá màámi kì í dúró ní ṣíṣí. Bàbá mi ló kọ́ ilé náà sí Ìtòkò ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó bí mi, fèrèsé onípákó ló sì fi sí i, irú èyí tí a ń fà sínú, nítorí àárín ilé wa àti ilé kejì há. Ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣe é kò dọ́gba. Bí o bá ṣí i tí o yí ẹ̀yìn padà, yóò rọra máa padà bọ̀ fúnra rẹ̀ títí yóò fi dé gbàà. Ìkọ́ irin kan ló yẹ kó dì í mú mọ́ ògiri. Ìkọ́ náà kì í pẹ́ já, nítorí ògiri alámọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú kò sì nípọn rárá.

Kò sí ohun tí màámi kò tíì fi ti fèrèsé yẹn: ọmọ odó, àpótí ìjókòó, àga tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, gbogbo rẹ̀ a ṣubú, fèrèsé a pa dé. Màámi kò sì fẹ́ràn ibi tí atẹ́gùn kò sí. Ó ní àyà òun a máa há.

Èmi nìkan ni ọmọ rẹ̀, ọrùn mi ni fèrèsé náà wà. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọdún bíi méjì lẹ́yìn tí àwọn sójà tún gba ìjọba, Papalanto ni mo sì ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún ìkọ́ náà ṣe. Ìgbà kìíní, ìṣó ni mo fi kàn án, kò lò tó oṣù kan. Ìgbà kejì, mo po sìmẹ́ǹtì dí ihò rẹ̀, mo sì fọ́nnu pé bí ó bá tún já, kí wọ́n má pè mí ní ọmọ ilé sìmẹ́ǹtì mọ́. Bóyá n kò tíì dé Papalanto tó fi já. Láti ìgbà náà, n kò lè wá kí màámi kó má fi í ṣe mí yẹ̀yẹ́. Á ní, “Ọmọ ilé sìmẹ́ǹtì, ìkọ́ rẹ ńkọ́?” Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ó sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí n máa wálé déédéé.

Àsìkò ọyẹ́ ni awakọ̀ tírélà kan mú lẹ́tà rẹ̀ wá fún mi. Màámi kò mọ̀wé. Tísà kan tó gba yàrá nínú ilé wa ló máa ń bá a kọ ọ́. Kò gùn:

“Iko yii ko je ki n sun mo. Mo ti gbiyanju titi, apa mi ko ka a. Tete wa ba mi wo o.”

Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, láìsí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Ta ló ń fi àmì sórí lẹ́tà ilé? A kọ́ ọ nílé ìwé, a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́kàn ẹni tó ń ka lẹ́tà ló ń fi ohùn sí i, ohun tó sì wà lọ́kàn tèmi ni ìkọ́ fèrèsé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn màámi, pẹ̀lú yẹ̀yẹ́ inú rẹ̀, pé fèrèsé ń gbá gbàà-gbàà ní gbogbo òru. Pé ikọ́ ló ń bá a jà kò tilẹ̀ kọjá lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé ó máa ń wúkọ́ díẹ̀. Ta ni kì í wúkọ́ nígbà ọyẹ́?

Inú bí mi. Ọkọ̀ kan péré ni láti Papalanto dé Abẹ́òkúta, mo lè lọ kí n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò lọ. Mo kọ èsì sẹ́yìn lẹ́tà rẹ̀, èmi náà kò fi àmì sí i, mo sì fún awakọ̀ náà kó bá mi mú un padà:

“E fi okun de e na, ki o le daadaa. Iru nnkan bee ki i pa eniyan. Maa wa ti aye ba yo.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àyè kò fi yọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mo lọ sí ìgbéyàwó, mo lọ wo bọ́ọ̀lù, mo sun oorun ọ̀sán. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ ABD, kò sì wúlò fún mi.

Nígbà tí mo máa lọ, mo múra láti ṣe é débi tí màámi kò ní lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Papalanto ti kọ́ mi pé amọ̀ kì í di irin mú, igi ló ń di irin mú. Ó ní kí n gbẹ́ ihò tó jìn sára ògiri, kí n gbá èèkàn ìrókò sínú rẹ̀ kó há pinpin, kí n tó wá yí ìkọ́ wọ inú igi náà. Ó gbẹ́ èèkàn méjì fún mi. Mo ra ìkọ́ tuntun, èyí tó nípọn jù lórí àtẹ.

Ọ̀sán Sátidé ni mo dé. Fèrèsé ti pa dé, yàrá ṣókùnkùn, màámi dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bora dé ọrùn. Mo kí i. Ohùn tó fi dá mi lóhùn kò jáde dáadáa, mo rò pé ó ń bínú ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe fèrèsé yìí.

Mo gbé irin ṣóńṣó lé ògiri, mo ń fi òòlù gbá a. Erùpẹ̀ pupa ń dà sílẹ̀, eruku gba gbogbo yàrá. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ọ. N kò yíjú padà, mo kàn ní kí wọ́n fi aṣọ bo imú, pé ó kù díẹ̀. Iṣẹ́ náà tó wákàtí kan. Nígbà tí mo fi ìkọ́ kọ́ fèrèsé, mo fi gbogbo agbára fà á, kò mira. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo wá yíjú padà kí màámi lè yìn mí.

Ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Egungun ọrùn màámi ti yọ síta, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára aṣọ tó fi ń nu ẹnu. Aṣọ ìbora ti yẹ̀ níbi tó ti ń wúkọ́, mo rí okùn ní àyà rẹ̀, okùn ọ̀rá tí a fi ń fa omi kànga. Ó wé e mọ́ra lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ta á ní kókó. Okùn náà ti bó o lára.

Mo bi í pé kí lèyí. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣeré.

“Ìwọ lo ní kí n fi okùn dè é. O ní kó le dáadáa.”

Tísà ti lọ fún ìsinmi nígbà tí èsì mi dé. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ ló kà á fún màámi. Màámi rò pé mo ti bi dókítà ilé iṣẹ́ wa léèrè, pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní ó ń dun òun, òun kò sì lè mí dáadáa, ṣùgbọ́n ṣebí mo ti ní irú rẹ̀ kì í pa ènìyàn. Mo fẹ́ tú u, kókó náà kò tú. Mo gbé màámi sí ẹ̀yìn, mo ń wá takisí.

Ní ọsibítù, dókítà ní ikọ́ ife ni, ó sì ti pẹ́ kí a tó gbé e wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló lò kó tó kú. Ọjọ́ tí a dé yẹn, nọ́ọ̀sì mú sísọ́ọ̀sì wá láti gé okùn náà, màámi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ọmọ òun ló ní kí òun dè é, kí wọ́n bi í ná. Ó wá kọjú sí mi.

“Ṣé ó ti ṣiṣẹ́?”

Mo ní ó ti ṣiṣẹ́. Ó fi ọwọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n gé okùn náà kúrò. Ó mí díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, bí ìyá ṣe ń ṣe.

“Bí o ṣe tọ́jú mi yìí, ọkọ mi, báyìí gan-an làwọn ọmọ rẹ yóò ṣe tọ́jú ìwọ náà.”

Nọ́ọ̀sì ṣe àmín. Ó ń wò mí, ó ń retí kí n ṣe tèmi. Mo ṣe àmín.