Iye Tó Yẹ Ká San fún Ẹja Àìsè

Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà nígbà tí náírà ṣì níyì, ní ọjà ńlá Jos. Ẹja Bàgá ni, èyí tí wọ́n fi èéfín yan títí tó fi le bí igi. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ẹja tàn mí jẹ. Nígbà tí ọmọ mi wá sọ fún mi pé ilé oúnjẹ kan wà lẹ́bàá ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé, tí wọ́n ti ń ta ẹja tí iná ò kàn, tí wọ́n gbé lé orí ìrẹsì tútù, tí wọ́n ń pè é ní súṣì, ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sórí àpò ọjà. Mo bi í pé àwọn wo ni wọ́n ń tà á fún, àwọn ológbò?

Ó ní, "Màmá, èèyàn ni. Èmi náà máa jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Ọkọ tó fẹ́, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa, ti rí ààyè ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Japan, àwọn méjèèjì sì fẹ́ jọ lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi í pé kí ni yóò máa jẹ níbẹ̀. Ó rò pé bí mo bá fojú ara mi rí oúnjẹ wọn, ọkàn mi á balẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn bá ń lọ Kánò lọ wọ bàálù, kí á kọ́kọ́ jọ jẹun níbẹ̀.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń kà á: òun ni oúnjẹ ìkẹyìn tí a jọ jẹ. Àìsàn mú ọmọ mi ní Japan nínú òtútù ọdún kejì, ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bí mo bá rántí ọjọ́ náà, mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti di ẹja gbígbẹ àti ata gígún sínú páálí fún un. Ọkọ ẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú, wọn ò ní jẹ́ kó kọjá ní pápákọ̀ òfurufú. Mo ní kò burú, ẹni tó ń jẹ ẹja tútù, níbo ló ti fẹ́ mọ iyì ẹja gbígbẹ?

Wọ́n gbé oúnjẹ wá lórí pátákó. Ìrẹsì tí wọ́n mọ bí àtàǹpàkò, ẹja tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bébà lórí ẹ̀, igi méjì dípò ṣíbí. Mo ní Bismillahi, mo gbé ọ̀kan mì bí ẹni ń lo oògùn, mi ò jẹ́ kó kan ahọ́n mi. Ọmọ mi fi igi méjì yẹn mú tiẹ̀, kò sì já bọ́. Ó ti lọ kọ́ ọ lẹ́yìn mi. Ọwọ́ tó fi ń to ẹja sórí àtẹ mi ni o.

Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Naraguta, ní Jos níbẹ̀, wá sọ iye owó: ogójì náírà. Ọkọ ọmọ mi tọwọ́ bàpò. Mo ní kó yọ ọwọ́ ẹ̀, ìyá ló ń bọ́ ọmọ tó ń rìnrìn àjò. Mo wá kọjú sí ọ̀gá náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Mo ní ìrẹsì tó wà níbẹ̀ kò tó ẹ̀kúnwọ́. Wọn ò dáná, wọn ò ra kẹrosíìnì, wọn ò fi ata sí i, wọn ò kan epo. Ìrẹsì tí wọ́n sè tán ní búkà Farin Gada, tí ẹran wà lórí ẹ̀, náírà kan ni. Èyí tí wọn ò sè, ó yẹ kí wọ́n fún ẹni tó bá jẹ ẹ́ lówó. Ó ní bàálù ló gbé ẹja náà wá láti Èkó, nínú omi dídì. Mo ní kì í ṣe èmi ni mo ní kí ẹja wọ bàálù. Lọ́rì ni tèmi ń wọ̀, wọn ò sì ráhùn rí. Mo pe náírà mẹ́wàá.

Ó ní, "Albarka."

Bí ẹ ò bá tíì ná ọjà ní Jos rí, albarka ni ọlọ́jà fi ń sọ pé owó tí ẹ pè kò gbà. Inú mi dùn bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì gbà, kò tíì lọ sílé. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń ná an, àwa mẹ́ta ṣì wà níjòókòó, ìgúnpá ọmọ mi ṣì ń kàn mí lápá ọ̀tún. Ogójì náà wà ní ìdí aṣọ mi. Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin náà gbà ni.

Ó já a wá sí ọgbọ̀n. Mo ní mẹ́wàá. Mo bi í léèrè ìyá ẹ̀, ó bi mí léèrè ọjà, a kíra wa dáadáa, a tún padà sórí ẹ̀. Awakọ̀ tó fẹ́ gbé wọn lọ Kánò ti fun fèrè níta. Ọkọ ọmọ mi ń wo aago, ojú ń tì í. Àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti gbé igi wọn sílẹ̀, wọ́n ń wò wá. Mo ní mẹ́wàá.

Ọkùnrin náà wo ìta, ó rí àwọn àpótí tí wọ́n dì sórí ọkọ̀. Ó wo ọmọ mi. Àánú ló ṣe é, mo rò bẹ́ẹ̀. Ó rọra ní, "Mama, na sallama."

Ó gbà. Òun tó yẹ kó lé mi jáde, ó gbà. Bí ọlọ́jà bá sì ti ní òun sallama, ọjà ti di tìẹ nìyẹn; ẹni tó bá tún ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ti tẹ́ lọ́jà. Òfin tí mo fi tọ́ ọmọ mi lẹ́yìn àtẹ nìyẹn. Síbẹ̀ mo la ẹnu, mo fẹ́ sọ pé mẹ́jọ ni mo ní lọ́kàn.

Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé itan mi. Hausa ló máa ń sá sí bí inú ẹ̀ bá bàjẹ́, Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n Yorùbá ló sọ. "Màmá, wọ́n ti sallama. Ẹ san án."

Mo san án. Mo kà á díẹ̀díẹ̀, mo tún un kà. Nígbà tí kò sí nǹkan kan tó kù mọ́, mo ní, "Èènì mi ńkọ́?"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó gbé orí lé èjìká mi. Ọkùnrin náà kò jiyàn, ó wọ ilé ìdáná lọ, kò sì tètè jáde. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìyẹn títí di òní. Òórùn èéfín ẹja ṣì wà nínú irun ọmọ mi, pẹ̀lú gbogbo ìpara tó fi pa á. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà jáde, ó fi ẹyọ kan tó wé sínú bébà lé mi lọ́wọ́, ọmọ mi àti ọkọ ẹ̀ sì dìde lọ wọ ọkọ̀.

Mo ru páálí ẹja mi padà sí ọjà, èènì lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà, mo tú bébà náà, mo jẹ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo jẹ́ kó kan ahọ́n mi. Oúnjẹ tí mo ti ń gbàdúrà pé kó lé ọmọ mi padà wá sílé, ó dùn. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.