Màmá Pyo àti Fọ́tò Tó Jáde Tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò tan Màmá Pyo Mal-sun jẹ ní láti tún ara mú. Ọdún mẹ́tàlélógún ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ya fọ́tò ìgbéyàwó fún ará ìlú Jecheon ní Kòríà. Nígbà tí fóònù alágbèéká gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, tí ọkọ sì kú, kò jókòó sunkún. Ó kó ogójì kọ̀ǹpútà sínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ó sọ ọ́ di ilé eré, níbi táwọn èèyàn ti ń jẹ núdùùsù ẹlẹ́yin nídìí kọ̀ǹpútà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá Eun-sol wọlé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ìgbà òtútù. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ fi ṣe eré kan lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ni eré náà yóò sì tì í pa títí láé ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà. Jagunjagun aláṣọ pupa tí ìyàwó rẹ̀ ń lò ṣì wà nínú rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fẹ́, níbi tí jagunjagun tirẹ̀ yóò ti dúró ti ti ìyàwó rẹ̀. Torí ọjọ́ ńlá ni, ó gba ìjókòó tó wọ́n jù, èyí tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, ó sì ṣí jagunjagun ìyàwó rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Gbogbo fọ́tò tó fi bọ́tìnì inú eré náà yà ló jáde tẹ́ẹ́rẹ́.

“Ẹ wò ó, Màmá Pyo, ìyàwó mi ti di igi ìgbálẹ̀. Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ sì ti lù.”

“Ẹ fara balẹ̀,” ni Màmá Pyo wí. “Ẹ̀yin ń wo èèyàn. Nǹkan róbótó lèmi ń wá.”

Ó rí kànga kan nínú eré náà, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú kọ̀ǹpútà: ó rí róbótó bí àwo. Nínú fọ́tò, ó ti di ẹyin tó nàró. Ó gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà kékeré ẹnu ọ̀nà, ẹyin náà ló ṣì jẹ́. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

“Kọ̀ǹpútà mi ò jẹ̀bi. Wọ́n ti ṣe eré yín kí ojú fífẹ̀ yìí tó dáyé. Tí eré náà bá ń ya fọ́tò, ṣe ló ń fún un mọ́ férémù àtijọ́ tí kò fẹ̀.”

“Ẹ ò lè nà án padà?”

“Mo lè nà án, ṣùgbọ́n ojú ìyàwó yín ò ní hàn kedere mọ́. Èmi kì í fún èèyàn nírú ẹ̀.”

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó wọ ibi ètò eré náà, ó dín fífẹ̀ rẹ̀ kù títí ó fi bá férémù àtijọ́ mu. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, kànga sì di róbótó nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n obìnrin aláṣọ pupa ti bọ́ sí ìta àwòrán.

“Kò sí níbẹ̀ mọ́,” ni Bàbá Eun-sol wí.

“Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jìnnà. Ẹ sún mọ́ ọn.” Bó ṣe máa ń sọ fún àwọn ọkọ ìyàwó láyé ọjọ́un nìyẹn. “Ẹ tún sún sí i. Ìyàwó yín ni, kì í ṣe ọlọ́pàá.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì sún jagunjagun tirẹ̀ títí èjìká àwọn méjèèjì fi kan ara wọn. Màmá Pyo kà á dórí mẹ́ta, ó tẹ bọ́tìnì.

Ní agogo méjìlá, ìlú inú eré náà pòórá. Màmá Pyo tẹ fọ́tò náà sórí bébà dídán tó ṣẹ́ kù láti ayé ọkọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi rúlà wọn kànga, kó tó fà á lé e lọ́wọ́. Bàbá Eun-sol wò ó pẹ́. Ó ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi ṣe tọkọtìyàwó, àwọn kò sì ya fọ́tò kankan rí tí èjìká àwọn kan ara wọn.